Ẹ̀rí Ọjọ́ Kejìlélógún

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 2009, mo dúró níwájú pẹpẹ nínú aṣọ funfun tí màmá mi rán fún mi, mo gba máìkì lọ́wọ́ wòlíì, mo sì parọ́ ní orúkọ Ọlọ́run. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà náà. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo parí àwẹ̀ ọjọ́ 21 lórí òkè. Mo sọ fún ìjọ pé ẹ̀mí tó ń mú mi fẹ́ràn ọkùnrin bíi tèmi ti jáde, pé mo fi ojú mi rí i bó ṣe ń lọ bí èéfín, pé láti òru náà ni ara mi ti fúyẹ́. Agogo dún. Àwọn ìyá ìjọ jó yí mi ká. Màmá mi dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, gèlè rẹ̀ tú, ó ń sunkún ayọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó jáde lára mi lórí òkè ni ẹ̀jẹ̀, níbi tí pàṣán ti bó mi lẹ́yìn.

Ó ti lé ní ọdún 15 báyìí. Àwọn tó bá gbọ́ ìtàn mi sábà máa ń bi mí bóyá mo gbà pé Ọlọ́run lè yí irú wa padà. Mo máa ń gbìyànjú láti dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ló máa ń jí mi lóru: ta ni à ń yìn, nígbà tó bá jẹ́ pé irọ́ la fi ń yìn ín?

Ẹ̀rí ló gbé wa dé orí òkè náà. Gbági ni màmá mi ti ń ta aṣọ ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tó rí àtẹ̀jíṣẹ́ tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń kọ síra wa nínú fóònù mi, kò pariwo. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó gbé fóònù náà lé itan, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn tí kò sì mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, oníbàárà rẹ̀ kan sọ fún un pé òun gbọ́ ẹ̀rí ọmọkùnrin kan tó ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, tí wòlíì kan ní apá Ọ̀ṣun gbàdúrà fún, tó sì ti gbéyàwó báyìí. N kò rí ọmọkùnrin náà rí. N kò pàdé ẹnikẹ́ni tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ ló mú kí màmá mi ti ìsọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, tó di ẹrù àwa méjèèjì sínú àpò ńlá kan, tó sì mú mi wọ mọ́tò.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé màmá mi gba àwẹ̀ náà pẹ̀lú mi, gbogbo ọjọ́ 21. Bí wọ́n bá ní kí n má fi omi kan ẹnu títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òun náà kò ní fi kàn án. Bí wọ́n bá jí mi ní aago méjìlá òru pé kí n bọ́ra sílẹ̀, kí n ka Sáàmù 35 láàárín àbẹ́là méje, ó máa wà lẹ́yìn ògiri. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ṣe àmín. Ibẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, nítorí orí àpáta ló ń kúnlẹ̀ sí. Ìfẹ́ ni. Nígbà tí inú bá ń bí mi, mo ti gbìyànjú láti pè é ní orúkọ mìíràn, kò ṣeé ṣe. Ìfẹ́ gidi ló fi fà mí lé ẹni tó nà mí lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ọgbẹ́ náà fi ṣòro láti wẹ̀.

Àgọ́ àánú ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n kó wa sí. Ilé gbọọrọ onípáànù ni, ẹní là ń tẹ́ sílẹ̀. Obìnrin tó ń wá ọmọ wà lápá ọ̀tún wa. Bàbá kan tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó wà lápá òsì, ó máa ń kọrin ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn. Oògùn kan náà ni wọ́n ń lò fún gbogbo wa: àwẹ̀, omi odò, òróró, pàṣán. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní ìtọ́jú ìyípadà, ìdáǹdè ni à ń pè é lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sì í yà á sọ́tọ̀ sí ìdáǹdè àgàn tàbí ti gbèsè. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dùn mí kí n tó dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, wòlíì rí ìran pé obìnrin kan wà nínú omi tó jẹ́ aya mi, òun ló ń jowú àwọn obìnrin ayé, tó fi ń lé mi sọ́dọ̀ ọkùnrin. Wọ́n mú mi lọ sódò, wọ́n fi kànrìnkàn tuntun wẹ̀ mí, wọ́n jẹ́ kí odò gbé aṣọ mi lọ. Lọ́jọ́ keje wọ́n nà mí, kí obìnrin náà lè jáde. Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá, ìran yí padà: ẹnìkan ló fi nǹkan náà sí mi lára. Ta ni? Mo ní kò sí. Wọ́n tún nà mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bi mí lójoojúmọ́, ebi sì ń pa mí. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi.

Òun ló ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa ní Ìbàdàn. Kò fi nǹkan kan sí mi lára. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, lẹ́yìn ìdánrawò akọrin, nígbà tí iná lọ tí a ń dúró de jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní òun ni, mo sì tún un sọ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ kejìlélógún, mo dárúkọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti lé e jáde nílé, wọ́n sì ti fọ́ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú títì.

Wòlíì ka Léfítíkù sí mi létí lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó ka òfin kẹsàn-án sí mi létí, èyí tó kọ ẹ̀rí èké. Mo ti wá ronú sí òfin yẹn púpọ̀. Kò dá irọ́ nìkan mẹ́nu kàn. Ó mẹ́nu kan ọmọnìkejì. Ẹni tó fi òfin náà lélẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rí èké kì í ṣubú sórí ilẹ̀ lásán.

Ní òru tó ṣáájú ẹ̀rí náà, wòlíì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dá mi lójú. Ohùn rẹ̀ rọ̀. N kò rò pé ìkà ènìyàn ni. Ó gba ohun tó ń sọ gbọ́.

Ó ní, “Ọmọ mi, fi ẹnu gbà á. Ara yóò tẹ̀lé ẹnu.”

Mo ní, “Bàbá, tí kò bá tẹ̀lé ńkọ́?”

Ó ní iyèméjì mi ló ń dá a dúró.

Ó pẹ́ kí n tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́. Ìgbàgbọ́ a máa sọ pé ó ń bọ̀. Irọ́ ló ń sọ pé ó ti dé. Ábúráhámù gbà pé òun yóò bímọ, ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò pe àwọn ará àdúgbò síbi ìkómọ nígbà tí Sárà kò tíì lóyún. Ká ní ó pè wọ́n, tí wọ́n wá, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n sọ ọmọ tí kò sí lórúkọ, ta ni ì bá ru ìtìjú náà? Sárà ni. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe lórí pẹpẹ nìyẹn, ìkómọ tí kò ní ọmọ, wọ́n sì pè é ní ìgbàgbọ́. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe é, aláìgbàgbọ́ ni. Ẹni tó bá ṣe é, yóò lo ìyókù ayé rẹ̀ ní wíwo ojú àwọn tó jẹ nínú àsè náà.

Mo rò pé tiwa nìkan ni, pé ẹ̀bi àwa ará òkè àdúrà ni. Lẹ́yìn tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù ni mo tó kà nípa Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Exodus International bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ohun tí wọ́n ń wàásù ni pé àdúrà àti ìmọ̀ràn lè yí ènìyàn padà. Ẹ̀rí ni wọ́n fi ń polówó. Ní 1998, àwòrán ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí wọn tó gbajúmọ̀ jù, John Paulk, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Newsweek. Ní 2000 wọ́n rí i ní ilé ọtí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní Washington. Ní 2013 ó tọrọ àforíjì, ó ní òun kò yí padà rí. Alan Chambers, olórí Exodus, ti sọ ní 2012 pé nínú gbogbo àwọn tí òun bá pàdé, ìdá 99.9 nínú 100 ni ìfẹ́ ọkàn wọn kò yí padà. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà pa.

Ìtàn Robert Spitzer ló wọ̀ mí lára jù. Dókítà ọpọlọ ni. Ní 1973, ó wà lára àwọn tó mú kí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà yọ ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin kúrò nínú ìwé àrùn wọn. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ìwádìí kan tó tẹ̀ jáde ní 2003: ó fi tẹlifóònù bá 200 ènìyàn sọ̀rọ̀, àwọn tó ní àwọn ti yí padà, ó sì kọ ọ́ pé ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn yí padà lóòótọ́. Àwọn ìjọ gbé ìwádìí náà kiri bí idà. Ní 2012, nígbà tó ti ń súnmọ́ ẹni 80 ọdún, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ìwádìí náà ṣe ní jàǹbá. Ó ní kò sí ọ̀nà tí òun fi lè mọ̀ bóyá òtítọ́ ni àwọn ènìyàn náà ń sọ fún òun. Ohun tí wòlíì fi máìkì ṣe, tẹlifóònù ni ọ̀mọ̀wé yìí fi ṣe é: wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ohun gbogbo tó ní láyé rọ̀ mọ́ ìdáhùn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún un. Ó jẹ́ ẹ̀rí kejì, èyí tó tú èkíní ká, nígbà tó jẹ́ pé ì bá dákẹ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi fi dákẹ́. Wọ́n gba ẹ̀rí mi sínú sídì, wọ́n ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ìjọ. Wọ́n ń pè mí lọ sí ìsọjí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ṣakí, ní Abẹ́òkúta. Wọ́n bá mi fẹ́ ọmọbìnrin kan nínú akọrin sọ́nà. Mo já a jù sílẹ̀ nígbà tó ku oṣù méjì sí ìgbéyàwó, n kò sì ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi gbèjà ara mi lórí ìyẹn.

Ní 2013, obìnrin kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ náà kò lè ju ẹni ọdún 16 lọ. Obìnrin náà kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí mo lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ pátápátá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rí yín ni mo gbọ́ nínú sídì.” Ọmọ náà kò wo ilẹ̀ bí àwọn ọmọ ṣe máa ń ṣe. Ojú mi ló ń wò. Ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń wá, nítorí mo wá a lójú gbogbo ẹni tó jẹ́ ẹ̀rí síwájú mi. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo ní, “Má bẹ̀rù. Ọlọ́run ṣe é fún mi.”

Wọ́n gba ọ̀nà òkè lọ. N kò rí i mọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ ara wọn, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú wa sílẹ̀ tàbí tó bá fi ìfẹ́ náà hàn ní gbangba. Láti ìgbà náà, ẹ̀rí irọ́ ń gba àtẹ́wọ́, ẹ̀rí òtítọ́ lè gba ẹ̀wọ̀n. Síbẹ̀, àwọn kan ti jẹ́ ẹ̀rí òtítọ́ náà ṣáájú. Mo wà ní ọmọ ọdún 14 ní 2004, ibà dá mi dúró sílé, nígbà tí Bisi Alimi jókòó níwájú Fúnmi Ìyàndá lórí tẹlifíṣọ̀n tó sọ ẹni tí òun jẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Àǹtí mi pòṣé, ó yí ṣánẹ́ẹ̀lì. Ohun tí mo rí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àmọ́ mo rí i pé ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ní 2006, Rowland Jide Macaulay, tó jẹ́ pásítọ̀ àti ọmọ pásítọ̀, dá ìjọ kan sílẹ̀ ní Èkó fún irú wa, ó pè é ní House of Rainbow. Àwọn méjèèjì ní láti sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Alimi ní 2007, Macaulay ní 2008. Nígbà tí mo wà lórí ẹní ní àgọ́ àánú, ìjọ kan ti wà rí ní ìrìn wákàtí méjì sí ìlú mi, níbi tí wọn ì bá ti fún mi ní àga, tí wọ́n á ní kí n jókòó. N kò gbọ́ nípa rẹ̀. Sídì rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà.

Mo dé Lọ́ńdọ̀nù ní 2016 láti kàwé. Mo wá ìjọ tí wọ́n ti ń kọrin Yorùbá, mo sì rí i lójú Old Kent Road. Ìjọ àwa ènìyàn dúdú tó wà ní Southwark nìkan lé ní 200, nínú ilé ìkẹ́rù, lókè ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Inú mi dùn níbẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ máa ń di ìrẹsì sínú ike fún èmi akẹ́kọ̀ọ́. Àṣìṣe mi ni pé mo ti sọ fún pásítọ̀ nípa òkè. Ní 2018, ní oṣù keje, ó ní kí n wá jẹ́ ẹ̀rí náà fún àwọn ọ̀dọ́.

Oṣù yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ èsì ìwádìí kan nípa irú wa jáde, èyí tí ó lé ní 108,000 nínú wa dáhùn. Méjì nínú 100 ní wọ́n ti ṣe ìtọ́jú ìyípadà fún àwọn rí, márùn-ún mìíràn ní wọ́n ti fi lọ àwọn. Lára àwọn tí wọ́n ṣe é fún, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹlẹ́sìn ló ti wá. Ìjọba ṣèlérí pé àwọn yóò fi òfin dè é. Olórí ìjọba ti ń wá, wọ́n ti ń lọ láti ìgbà náà. Nígbà tí mo fi ń kọ èyí, ìlérí ṣì ni. Mo gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò ní ilé ìdáná, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n máa ń kà wá.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo gba máìkì. Àwọn ọ̀dọ́ bí 40 jókòó. Ní ìlà kẹta, ọmọ kan wà tí kò wo fóònù bíi ti àwọn yòókù. Ojú mi ló ń wò.

Mo ní, “Wọ́n gbààwẹ̀ fún mi, wọ́n nà mí. Kò sí ohun tó jáde lára mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, mo ti ń parọ́ láti 2009.” Mo gbé máìkì sílẹ̀ lórí àga, mo jáde. Kò sí ẹni tó lu agogo. Mo wọ bọ́ọ̀sì 53, mo jókòó lókè níwájú, ó gbé mi dé Woolwich kí n tó rántí pé n kò ní ẹnikẹ́ni ní Woolwich.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ara mi wá wó. Dókítà ní kí n máa lọ bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe ẹlẹ́sìn, ṣùgbọ́n òun ló bi mí ní ìbéèrè ẹ̀sìn tó dára jù tí mo gbọ́ rí. Ó ní, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, kí ni mo tún máa ń bẹ Ọlọ́run fún? Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan kan sọ. Ọdún mẹ́sàn-án! Lálaalẹ́ ni mo ń gbàdúrà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. N kò bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. N kò bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó ń ṣàìsàn. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ fún òjò. Nínú gbogbo ohun tí ìdáǹdè gbà lọ́wọ́ mi, èyí ni mo kà sí jù: wọ́n gba gbogbo àdúrà yòókù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kúnlẹ̀, mo ní, “Olúwa, orúnkún màmá mi.” Mo wá ohun tí mo lè fi kún un, n kò rí. Mo sunkún títí oorun fi gbé mi lọ.

Pásítọ̀ kan tó ní ọkàn rere ti sọ fún mi pé ẹ̀gún inú ara ni tèmi, bíi ti Pọ́ọ̀lù, pé Ọlọ́run kò yọ ọ́ kí oore-ọ̀fẹ́ lè tó mi. Mo gbé e yẹ̀ wò fún ìgbà díẹ̀, mo sì dá a padà fún un. Ẹ̀gún a máa gún ni. Ìfẹ́ tí mo ní sí ẹni tí mo fẹ́ràn kò gún ẹnikẹ́ni. Irọ́ tí mo fi bò ó ló gún ènìyàn mẹ́rin tí mo lè dárúkọ.

Ibi tí mo ti rí ara mi ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹjọ, nínú Bíbélì Yorùbá màmá mi tí mo kó wá. Ọkùnrin ará Etiópíà tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin: ìwẹ̀fà ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa pè é. Wọn kò ní láti dá ọ̀rọ̀ tuntun. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á mọ irú ènìyàn tí wọ́n ń sọ. Ìwẹ̀fà wà láàfin Ọ̀yọ́: Ọ̀nà Ẹfà ló ń gbọ́ ẹjọ́ ní ipò Aláàfin, Ọ̀tún Ẹfà ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ Ṣàngó, Òsì Ẹfà ló ń dúró fún ọba. Ọkùnrin tí kò bímọ, tí kò lè bímọ, tí ilé ọba sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sọ pé irú kan náà ni èmi àti ìwẹ̀fà. Ohun tí mo rí ni bí wọ́n ṣe gbà á. Òfin Mósè ti ti irú rẹ̀ mọ́ òde àpéjọ. Síbẹ̀ ó ti lọ jọ́sìn ní Jerúsálẹ́mù, ó ń padà lọ sílé, ó ń ka Aísáyà, orí 53. Fílípì gun kẹ̀kẹ́ náà, ó jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n dé ibi omi, ìwẹ̀fà náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ohun tó dí òun lọ́wọ́ láti ṣèrìbọmi. Fílípì lè ka òfin sí i. Ó lè ní kó kọ́kọ́ gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, kí ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀ wọ inú omi. Ìwẹ̀fà náà jáde bó ṣe wọlé, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀. Tó bá ń bá ìwé náà lọ lójú ọ̀nà, orí mẹ́ta péré ló kù kó dé ibi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí fún àwọn ìwẹ̀fà pé òun yóò fún wọn ní orúkọ nínú ilé òun, orúkọ tó ju ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ. Mo máa ń rò ó bí ó ṣe dé ibẹ̀, pẹ̀lú omi tó ṣì ń kán lára aṣọ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwa bí 12 máa ń pé jọ nínú ilé mi. Ọmọ Èkó wà níbẹ̀, ọmọ Gánà àti Jàmáíkà pẹ̀lú. Àdéhùn méjì péré la ní. A kì í gbààwẹ̀ pa pọ̀. À ń jẹun ni. Tí ẹnikẹ́ni bá sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, a kì í pàtẹ́wọ́. Ẹni tuntun máa ń dúró de àtẹ́wọ́ náà, mo máa ń rí i lójú rẹ̀. Nígbà tí kò bá gbọ́ ọ, yóò mí kanlẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀, ìtàn ẹlẹ́ẹ̀kejì ló sábà máa ń jẹ́ òótọ́.

Ẹnìkejì mi ló ń dín àkàrà. Ọmọ Salvador ni, ní Brazil, níbi tí wọ́n ń ta àkàrà lójú pópó títí di òní, tí wọ́n sì ń pè é ní acarajé. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, láti 1999 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìrònú ti fi òfin iṣẹ́ wọn de pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ polówó ìwòsàn fún ohun tí kì í ṣe àrùn. Ó sọ fún mi bí ẹni tó ń sọ iye tí ẹ̀wà jẹ́. Ó yà á lẹ́nu pé mo gbé ọwọ́ lé ojú.

Mo wá ọ̀rẹ́ mi aludùùrù kàn. Ó ń gbé ní ìlú mìíràn báyìí. Mo kọ ohun gbogbo sí i lórí WhatsApp: ẹni tó kọ́kọ́ di ọwọ́ ẹni mú, ọjọ́ kẹtàdínlógún, orúkọ bàbá rẹ̀. N kò ní kó dárí jì mí. Mo ní òótọ́ ni mo wá sọ. Àmì búlúù méjì yọ ní ọjọ́ kan náà. Kò fèsì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mo ṣì ń fi owó kíbọ́ọ̀dù kan pamọ́.

Ó ku màmá mi. Ní ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 2024, lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀ orúnkún àti iye tí àǹkárá ti dà ní Gbági, mo ní, “Màmá, ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni. Kò sí ohun tó jáde lára mi. Bí mo ṣe wà náà ni mo ṣì wà.”

Ó dákẹ́ pẹ́. Mo ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa.

Ó ní, “Àwẹ̀ tí mo gbà ńkọ́?”

Mo ní, “Ọlọ́run rí àwẹ̀ yín, Ma. Èmi náà rí i.”

Ó ní omi ń hó lórí iná, ó pa fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò pè mí. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó pè ní àkókò rẹ̀ gan-an. Ó sọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ó sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wọ iléèwé gíga. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

“Mo ti jẹun, Ma. Àkàrà.”

“Ta ló dín in?”

Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Orúkọ àwọn ará Brazil ni, ẹnu Ìbàdàn kò tètè gbà á. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tàsé, ó sì ní kí n tún un pè.